Ẹ̀yìn Tó Ń Ro Wá: Bí Ọlọ́jà Ṣe Lè Bẹ̀rẹ̀ Eré Ìdárayá Tí Wọ́n Ń Pè Ní Pilates

  

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ni a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí. Kò sí ìpàdé tí a máa ṣe tí a kì í gbọ́ ọ. Bí a bá ní kí gbogbo ilé dìde ká ṣàdúrà ìparí, àwọn kan á kọ́kọ́ fọwọ́ ti orúnkún, wọ́n á ní "yéè, ẹ̀yìn mi o," kí wọ́n tó lè nàró. Kì í ṣe àwọn àgbà nìkan. Àwọn tí kò tíì pé ogójì ọdún náà wà níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀yìn yìí ni ṣọ́ọ̀bù wa. Ẹni tó ń ta ata tí kò lè bẹ̀rẹ̀ ṣa ata, ọjà rẹ̀ á jẹrà. Ẹni tó ń ta ìrẹsì tí kò lè fa àpò, aláàárù ló máa gba èrè rẹ̀. Bí ìyá bá dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì péré, owó ilé ìwé ọmọ ti di wàhálà nìyẹn, àjọ tí à ń dá á sì dúró.

Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń ṣe ni ká lọ bá oníkẹ́míìsì. Á kó oríṣi mẹ́ta mẹ́rin pọ̀ sínú ọ̀rá, a ó gbé e mì, ẹ̀yìn á dákẹ́ fún ọjọ́ méjì, lẹ́yìn náà ó tún dé. A ò ní kí ẹnikẹ́ni má lo oògùn tí dókítà kọ fún un o. Ṣùgbọ́n oògùn ara ríro tí a bá ń lò lójoojúmọ́ láìbi dókítà léèrè lè dá egbò sí inú ikùn, ó lè ba kíndìnrín jẹ́, ó sì lè mú kí ẹ̀jẹ̀ ru. Ohun mìíràn ni pé oògùn kì í fún iṣan lágbára. Iṣan tó ti dẹ̀, iṣẹ́ la fi ń mú un le.

Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé eré ìdárayá kan tí wọ́n ń pè ní Pilates. Ẹ pè é ní Pìlátíìsì. Kì í ṣe Pílátù inú Bíbélì tó fomi ṣan ọwọ́ o. Orúkọ ọkùnrin mìíràn ni.

Àwọn ọmọ wa ti ń wò ó lórí fóònù. Wọ́n ń rí àwọn obìnrin tó wọ ṣòkòtò fífún, tí wọ́n sùn sórí ẹ̀rọ kan tó dà bíi bẹ́ẹ̀dì tó ń lọ tó ń bọ̀. Àwọn ilé tí wọ́n ti ń kọ́ ènìyàn wà níbí ní Èkó, ní Ìkòyí àti Lẹ́kí, owó kékeré kọ́ sì ni wọ́n ń gbà. Èyí mú kí àwọn kan máa sọ pé nǹkan àwọn olówó ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, orí ẹní ni wọ́n ti ń ṣe é, ẹní ò sì wọ́n nínú ilé wa.

TA LÓ DÁ A SÍLẸ̀?

Joseph Pilates ni orúkọ ọkùnrin náà. Ọmọ ilẹ̀ Jámánì ni, ọdún 1883 ni wọ́n bí i ní ìlú Mönchengladbach. Ọmọ olókùnrùn ni nígbà tó wà ní kékeré, kò sì fẹ́ kí ara rẹ̀ máa wà bẹ́ẹ̀, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ oríṣiríṣi eré ìdárayá. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló wà nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ̀rẹ̀ ní 1914. Nítorí pé ọmọ Jámánì ni, ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì há a mọ́ inú àgọ́ pẹ̀lú àwọn ará ìlú rẹ̀ títí ogun fi parí. Inú àgọ́ yẹn ló ti ń kọ́ àwọn tó kù bí wọ́n ṣe máa ṣe eré ìdárayá. Ìtàn tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ máa ń sọ ni pé ó so sípíríǹgì mọ́ bẹ́ẹ̀dì àwọn aláìsàn, kí wọ́n lè máa na ẹsẹ̀ na ọwọ́ lórí ìdùbúlẹ̀. Wọ́n ní ibẹ̀ ni èrò ẹ̀rọ tó dà bíi bẹ́ẹ̀dì yẹn ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 1926 ó kó lọ sí New York ní Amẹ́ríkà. Òun àti ìyàwó rẹ̀ Clara ṣí ilé ìdárayá síbẹ̀. Àwọn oníjó tí ẹsẹ̀ tàbí ẹ̀yìn wọn ti fara pa ló ń rọ́ lọ bá a. Ọ̀kan nínú wọn ni Kathleen Grant, obìnrin adúláwọ̀ ará Amẹ́ríkà. Oníjó ni, orúnkún ló gbé e débẹ̀, òun náà sì wá di àgbà olùkọ́ tó gba ìwé ẹ̀rí lọ́dọ̀ Pilates. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi kọ́ àwọn ẹlòmíràn kó tó kú ní 2010. Pilates fúnra rẹ̀ kọ ìwé kan jáde ní 1945, eré ìdárayá 34 ló wà nínú rẹ̀, orí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe gbogbo wọn. Ó kú ní 1967.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ Ìgbóbì, ìtàn rẹ̀ fara jọ èyí. Ní 1945 yẹn kan náà ni ilé ìwòsàn eegun tó wà ní Ìgbóbì bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ àwọn físíò ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa, ìyẹn àwọn tó ń fi eré ìdárayá àti ọwọ́ tọ́jú iṣan àti eegun. Nítorí náà, ká fi eré ìdárayá wo ara sàn kì í ṣe nǹkan tuntun ní Èkó.

KÍ LÓ Ń ṢE NÍNÚ ARA?

Gbogbo wa la ti fi ọ̀já pọn ọmọ rí. Bí ọ̀já bá le dáadáa, ìyá á nàró, á lè fọ aṣọ, á lè ná ọjà. Bí ọ̀já bá tú, ọmọ á máa rọ̀ sísàlẹ̀, ìyá á bẹ̀rẹ̀, ìbàdí á sì máa fà á.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ikùn wa rí. Iṣan fífẹ̀ kan wà nínú ikùn tó yí wa ká láti iwájú dé ẹ̀yìn bí ọ̀já. Iṣan tí a fi ń mí wà lókè rẹ̀, lábẹ́ àyà. Nísàlẹ̀ pátápátá, iṣan mìíràn wà tó tẹ́ bí ẹní, òun ló ń di ìtọ̀ àti ìgbẹ́ mú. Lẹ́yìn, àwọn iṣan kéékèèké wà tó so eegun ẹ̀yìn mọ́ra wọn. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀ láti mú ìbàdí dúró.

Oyún àti ìbímọ máa ń dẹ ọ̀já yìí. Ìjókòó máa ń dẹ̀ ẹ́ náà, pàápàá ìjókòó orí àpótí kúkurú láti òwúrọ̀ títí ilẹ̀ fi ń ṣú, tí a tẹ ẹ̀yìn kòlòbà sórí igbá ọjà. Tí a bá wá dìde lójijì láti gbé agbọ̀n tòmátì, ẹ̀yìn nìkan ló máa gbé e, ikùn ò ní ràn án lọ́wọ́. Ó sì lè jẹ́ iṣan kan náà yìí ló fà á tí ìtọ̀ fi ń jò díẹ̀díẹ̀ bí a bá wúkọ́ tàbí tí a bá rẹ́rìn-ín. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń rí i, a kàn ń tijú láti sọ ọ́ ni.

Iṣẹ́ Pilates ni láti tún ọ̀já náà dì, láti kọ́ wa bí a ṣe ń fi mímí darí rẹ̀, àti láti jẹ́ kí ẹ̀yìn ó máa ká kó sì máa nà bó ti yẹ. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń ṣe é. Kì í ṣe eré fífò, kì í ṣe eré sísá. Díẹ̀ la ó ṣe, ṣùgbọ́n a ó ṣe é dáadáa.

ṢÉ ÒÓTỌ́ NI PÉ Ó Ń ṢIṢẸ́?

Ó yẹ ká béèrè, torí ọlọ́jà kì í ra ọjà láìtú àpò rẹ̀ wò. Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) sọ pé ní ọdún 2020, ènìyàn 619 mílíọ̀nù ni ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn ń dùn káàkiri ayé. Nínú mẹ́wàá wọn, bíi mẹ́sàn-án ni kò sí àrùn kan pàtó tí dókítà lè nàka sí pé òun ló fà á. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023, àjọ náà gbé ìlànà jáde lórí ẹ̀yìn tó ti ń dunni pẹ́. Eré ìdárayá wà lára ohun tí wọ́n ní ká fi tọ́jú rẹ̀. Bẹ́líìtì tí à ń dè mọ́ ìbàdí kò sí lára ohun tí wọ́n fọwọ́ sí fún un, àwọn oògùn líle bíi tramadol náà kò sì sí níbẹ̀.

Ní ti Pilates gan-an, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ẹgbẹ́ Cochrane kó ìwádìí 10 jọ ní 2015, ènìyàn 510 ló wà nínú gbogbo rẹ̀. Wọ́n rí i pé ara tu àwọn tó ṣe Pilates ju àwọn tí kò fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan lọ. Ṣùgbọ́n wọn ò rí ẹ̀rí tó dájú pé ó dára ju eré ìdárayá mìíràn lọ. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé Pilates kì í ṣe idán. Eré ìdárayá tí a bá ń ṣe déédéé ló ń ṣiṣẹ́. Àǹfààní tí èyí ní fún àwa ni pé kò gba ibi púpọ̀, kò gba iná ìjọba, kò sì gba bàtà. Kódà nínú yàrá kan ṣoṣo ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ibi tí ẹní kan bá gbà ti tó.

ÀWỌN TÓ GBỌ́DỌ̀ KỌ́KỌ́ RÍ DÓKÍTÀ

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ibí yìí dáadáa, ẹ sì kà á fún ẹni tí kò lè kàwé.

Ẹ má bẹ̀rẹ̀ eré ìdárayá kankan, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ lọ kíákíá, bí ẹ̀yìn bá ń dùn yín tí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí sì wà pẹ̀lú rẹ̀: tí abẹ́ tàbí àárín itan bá kú tí ẹ ò mọ̀ ọ́n lára mọ́, tí ìtọ̀ bá kọ̀ tí kò jáde, tàbí tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ń jáde tí ẹ ò mọ̀, tí ẹsẹ̀ bá ń rọ, tí ibà wà níbẹ̀, tí ẹ bá ń rù láìnídìí, tí ìrora náà bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ṣubú tàbí tí ọkọ̀ gbá yín, tàbí tí ẹ bá ti ní àrùn jẹjẹrẹ rí.

Àwọn tó gbọ́dọ̀ béèrè kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ni aboyún, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹni tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbẹ̀bí fún, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru tí kò tíì lọ sílẹ̀, ẹni tó ní àìsàn ọkàn, àti àgbàlagbà tí eegun rẹ̀ ti ṣẹ́ nítorí ìṣubú kékeré. Aboyún tó ti wọ oṣù kẹrin sókè kò gbọ́dọ̀ máa fẹ̀yìn lélẹ̀ pẹ́. Ẹni tí eegun rẹ̀ ti fúyẹ́ kò gbọ́dọ̀ ṣe èyí tí wọ́n ń ká orí àti àyà sókè láti ilẹ̀. A ò fi irú ìyẹn sí ohun tí a kọ sísàlẹ̀ yìí rárá.

OHUN TÍ A Ó PÈSÈ

Ẹní kan. Aṣọ nípọn kan tàbí aṣọ ìbora tí a ó tẹ́ lé e, kí eegun má baà máa kan ilẹ̀. Táwẹ̀lì kan tí a ó ká sábẹ́ orí. Aṣọ tó gbani láyè, ì báà ṣe ṣòkòtò ìdárayá tàbí ṣòkòtò ilé. Ìró máa ń tú, kò dára fún un. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ tú gèlè, ẹ tú àpò owó kúrò ní ìdí. Ẹ má ṣe é lẹ́yìn tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ iyán yó. Òwúrọ̀ kùtù kí a tó jáde lọ sọ́jà ló dára jù, tàbí alẹ́ kí a tó jẹun.

BÍ A Ó ṢE ṢE É

Òfin mẹ́ta ló wà. Ẹ má dá èémí dúró. Ẹ má fi gbogbo agbára fún ikùn pọ̀: bí agbára yín bá jẹ́ mẹ́wàá, mẹ́ta ni kẹ́ ẹ lò. Bí ibì kan bá dùn yín gidigidi, ẹ dá a dúró.

1. Mímí. Ẹ fẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹ ká orúnkún sókè, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹ́ sílẹ̀. Ẹ gbé ọwọ́ lé ìhà méjèèjì. Ẹ gba imú mí sínú, kí ìhà fẹ̀ sọ́tùn-ún sósì títí tí yóò fi máa ti ọwọ́ yín. Ẹ wá fi ẹnu fẹ́ ẹ síta díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń fẹ́ ẹ̀kọ gbígbóná. Bí ẹ ti ń fẹ́ ẹ, ẹ fa ìdodo sínú díẹ̀, kẹ́ ẹ sì fún ìsàlẹ̀ pọ̀ bí ìgbà tí ìtọ̀ ń gbọ̀n wá tí oníbàárà ò sì tíì lọ. Ẹ dẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ bí ẹ bá tún ń mí sínú. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹjọ. Ẹ má fojú tín-ín-rín rẹ̀, torí òun ni ìpìlẹ̀ gbogbo èyí tó kù.

2. Títẹ ìbàdí mọ́lẹ̀. Lórí ìdùbúlẹ̀ yẹn náà, ẹ ó rí i pé àyè kékeré wà láàárín ìbàdí àti ẹní. Ẹ mí sínú. Bí ẹ ti ń mí síta, ẹ rọra tẹ ìbàdí mọ́ ẹní kí àyè náà pa dé. Ẹ mí sínú, ẹ dá a padà. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ.

3. Afárá. Ẹ tẹ ìbàdí mọ́lẹ̀ bíi ti èkejì, lẹ́yìn náà ẹ gbé ìdí sókè, kẹ́ ẹ máa ṣí ẹ̀yìn kúrò nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń ká ẹní. Ẹ dúró nígbà tí èjìká, ìbàdí àti orúnkún bá wà lórí ìlà kan. Ẹ mí sínú níbẹ̀. Ẹ mí síta, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀ bí ẹ ti gbé e, láti òkè ẹ̀yìn wá sí ìdí. Ẹ̀ẹ̀mẹfà. Bí ẹ̀yìn itan bá ń há, ẹ fa ẹsẹ̀ súnmọ́ ìdí.

4. Ẹsẹ̀ kan lẹ́yìn èkejì. Ẹ mí síta, ẹ gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún kúrò nílẹ̀ bó ti wà ní kíká, kí orúnkún wá sókè ìbàdí. Ẹ mí sínú, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ ṣe òsì náà. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún marùn-ún. Ìbàdí ò gbọ́dọ̀ dìde kúrò lórí ẹní. Bó bá ń dìde, ẹ má gbé ẹsẹ̀ ga tó bẹ́ẹ̀.

5. Ọgọ́rùn-ún. Èyí lókìkí jù nínú iṣẹ́ Pilates. Nínú ìwé rẹ̀, orí àti ẹsẹ̀ máa ń wà lókè, ṣùgbọ́n àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, orí wa á wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ wa á sì wà ní kíká. Ẹ na ọwọ́ méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́, ẹ gbé wọn díẹ̀ kúrò nílẹ̀. Ẹ máa jù wọ́n sókè sódò díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń fọwọ́ lu ojú omi. Ẹ fi kíkà márùn-ún mí sínú, ẹ fi kíkà márùn-ún mí síta. Mẹ́wàá nìyẹn. Bí ẹ bá ṣe é lọ́nà mẹ́wàá, ó di ọgọ́rùn-ún. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọgbọ̀n, kẹ́ ẹ máa fi mẹ́wàá kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹni tó mọ owó kà ò lè ṣì í kà.

6. Ológbò. Ẹ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ tó dìde, ẹ má fi ẹ̀yìn fa ara yín sókè lójijì. Ẹ kúnlẹ̀, ẹ fọwọ́ tẹlẹ̀ bí ọmọ tó ń rá. Ẹ mí síta, ẹ ta ẹ̀yìn sókè bí ológbò tó rí ajá, kí orí wá sísàlẹ̀. Ẹ mí sínú, ẹ dá ẹ̀yìn padà kó tẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹfà. Ẹni tí ọrùn ọwọ́ ń dùn lè di ọwọ́ ní ìkúùkù.

7. Ẹsẹ̀ àti ọwọ́. Lórí ìkúnlẹ̀ yẹn, ẹ mí síta, ẹ na ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn gbọọrọ. Ẹ mí sínú, ẹ dá a padà. Ẹ ṣe òsì. Bó bá ti mọ́ yín lára lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ máa na ọwọ́ òsì síwájú pẹ̀lú ẹsẹ̀ ọ̀tún, kẹ́ ẹ sì ṣe òdìkejì rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin mẹ́rin. Ẹ ṣe é bí ẹni pé wọ́n gbé àwo omi lé ìbàdí yín, omi ò sì gbọ́dọ̀ dànù.

Ìparí rẹ̀ ni ìsinmi. Ẹ fi ìdí jókòó lé gìgísẹ̀, ẹ forí kanlẹ̀, ẹ na ọwọ́ síwájú, ẹ mí lẹ́ẹ̀marùn-ún. Àwọn tó ń kírun mọ irú ìjókòó àti ìforíkanlẹ̀ yìí dáadáa. Ẹni tí orúnkún ń dùn lè ki ìrọ̀rí sáàárín ìdí àti gìgísẹ̀, tàbí kó fò ó.

ÌGBÀ MÉLÒÓ LỌ́SẸ̀?

Ọ̀sẹ̀ kìíní àti ìkejì: ìṣẹ́jú 10, ọjọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, èkíní dé èkẹrin nìkan.
Ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin: ìṣẹ́jú 15, ẹ fi èkarùn-ún àti èkẹfà kún un.
Láti ọ̀sẹ̀ karùn-ún lọ: ìṣẹ́jú 20, gbogbo rẹ̀.

Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ kí ẹ tó sọ pé ó ṣe tàbí kò ṣe. Bí àjọ ló ti rí: ẹni tó dá a lójoojúmọ́ ló ń kó o. Bí iṣan ikùn tàbí itan bá ń ro yín díẹ̀ lọ́jọ́ kejì, kò burú, iṣẹ́ ló ṣe. Ṣùgbọ́n ìrora tó gún bí abẹ́rẹ́, tàbí tó ń sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ẹsẹ̀, ẹ dá a dúró kẹ́ ẹ lọ rí físíò. Wọ́n wà ní Ìgbóbì, wọ́n wà ní LUTH ní Ìdí-Àràbà.

ẸNI TÓ ṢE É NÍLÉ, TÓ BÀ Á JẸ́ LỌ́JÀ

Kò sí àǹfààní nínú ká fi ìṣẹ́jú 20 tún ẹ̀yìn ṣe láàárọ̀, ká wá fi wákàtí mẹ́wàá bà á jẹ́ lórí àpótí. Ẹ wá ìjókòó tó ga díẹ̀, tí orúnkún ò ní ga ju ìdí lọ. Bí igbá ọjà bá wà nílẹ̀ jù, ẹ gbé e lé orí páálí tàbí tábìlì kékeré, kí ọjà wá bá yín dípò kí ẹ̀yin máa tẹ̀ lọ bá a. Ẹ má jókòó ju bí ìdajì wákàtí lọ láìdìde. Bí ẹ bá dìde, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri tàbí òpó, ẹ mí lẹ́ẹ̀marùn-ún bíi ti èkíní, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé ẹ ń ṣe nǹkan kan.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé ẹrù, ẹ súnmọ́ ọn, ẹ fi orúnkún lọ sílẹ̀, ẹ fà á mọ́ra, ẹ mí síta kí ẹ sì di ọ̀já ikùn bí ẹ ti ń dìde. Ẹ má yí ìbàdí nígbà tí ẹrù wà lọ́wọ́, ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ fi yí. Àpò tó bá wúwo, ẹ pín in sí méjì. Owó aláàárù kò tó owó ilé ìwòsàn.

ÀWỌN ÌBÉÈRÈ TÍ WỌ́N Ń BI WÁ

Ṣé ó máa jẹ́ kí ikùn mi wọlé? Ó máa mú iṣan ikùn le, ìnàró yín á sì dára sí i. Ṣùgbọ́n ọ̀rá ikùn, oúnjẹ àti ìrìn ló ń dín in kù. WHO ní kí àgbàlagbà máa fi ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀ ṣe ìrìn kánmọ́kánmọ́ tàbí irú rẹ̀, kó sì fi ọjọ́ méjì ṣe eré tó ń mú iṣan le. Pilates lè jẹ́ ti ọjọ́ méjì yẹn. Ní ti ìrìn, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn láti Ìta Fájì dé Oníkan lọ́jọ́ ìsinmi, kẹ́ ẹ sì rìn padà.

Mo ti lé ní 60, ṣé kò ti pẹ́ jù? Kò pẹ́. Pilates fúnra rẹ̀ ṣì ń kọ́ ènìyàn lẹ́yìn tó ti lé ní 70. Ẹni tí kò lè dùbúlẹ̀ sílẹ̀ lè ṣe mímí lórí àga, kó máa gbé orúnkún sókè lọ́kọ̀ọ̀kan níbẹ̀.

Ṣé kì í ṣe ẹ̀sìn kan ni? Rárá. Kò sí àdúrà, kò sí orin, kò sí òrìṣà nínú rẹ̀. Mùsùlùmí lè ṣe é, Kìrìsítẹ́nì lè ṣe é, oníṣẹ̀ṣe lè ṣe é.

Ọmọ mi fẹ́ sanwó fún mi níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọ, ṣé kí n lọ? Ẹ lọ bí owó bá wà, torí olùkọ́ á rí àṣìṣe tí ojú yín ò rí. Ṣùgbọ́n ẹ mọ èyí: ní ọdún 2000, ilé ẹjọ́ kan ní New York dá a pé orúkọ Pilates kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo. Ó ti dà bí ẹ̀wà olóyin, gbogbo ẹni tó bá wù ló lè kọ ọ́ sí pátákó. Nítorí náà ẹ bi olùkọ́ níbi tó ti kọ́ iṣẹ́ àti iye ọdún tó fi kọ́ ọ. Ẹ sọ àìsàn ara yín fún un. Bí kò bá béèrè nǹkan kan nípa ara yín kó tó ní kí ẹ dùbúlẹ̀, ẹ wá ibòmíràn lọ.

Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ̀yìn kì í ṣe bàtà tí a lè ra òmíràn ní Ìdúmọ̀tà. Ẹ gé ewé yìí, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yàrá. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí mímí lọ́la, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré. Kí ẹni méjì méjì tí ilé wọn súnmọ́ra máa pe ara wọn dìde láàárọ̀, torí ẹni tó ní ẹnìkejì kì í tètè sú. Ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀, a ó béèrè lọ́wọ́ yín bó ṣe ń lọ.

Ọlọ́run á fún wa ní ẹ̀yìn tí a ó fi ná ọjà, tí a ó fi pọn ọmọ ọmọ. A ò ní fi ìrora jẹ èrè wa. Àmín.